Orin tuntun nínú gúrúùpù WhatsApp: ṣé olè ni, àbí ìpolówó?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lánàá ni mo ju orin tuntun kan sínú gúrúùpù WhatsApp àwa tá a jọ jáde ilé ìwé. Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́, Àkúrẹ́ níbí ló ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ló hun orin náà, òun ló ta gìtá rẹ̀, kò sì sí lábẹ́ lébẹ̀ẹ̀lì kankan. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, orí mi wú, mo ní kí àwọn èèyàn mi náà gbọ́. Kò pẹ́ rárá tí ẹnì kan fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni mí, pé mo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Igba èèyàn ló wà nínú gúrúùpù yẹn. Mélòó nínú wọn ni ì bá mọ̀ pé ọmọ náà wà láyé bí kì í bá ṣe tèmi? Dátà ti gbówó lórí, mi ò sì ní owó tí mo fẹ́ máa san fún Spotify lóṣooṣù. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé olè ni mí?

* * *

ÌDÁHÙN

Àbúrò, mi ò ní pè ọ́ lólè. Olè kì í jí ẹrù tán kó tún pe igba èèyàn wá wò ó. Àmọ́ má pè é ní ìpolówó náà. Ṣe nǹkan kan fún mi kó o tó dá mi lóhùn: ṣí gúrúùpù yẹn, kó o wo orúkọ tó wà lórí orin náà. Bó bá jẹ́ pé bí ohùn lásán lo ṣe fi ránṣẹ́, AUD ni WhatsApp máa pè é, á wá to déètì àti nọ́ńbà tẹ̀lé e. Orúkọ olórin ti já bọ́ lọ́nà. Orúkọ orin náà ti bá a lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́la tó sì fẹ́ràn ẹ̀, ta ni kó máa wá kiri?

Aṣọ ni mò ń rán ní Òkè-Àró. Láti ìgbà tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ni orin ti ń bá mi jókòó títí mo fi máa tì í. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ tó ń dá hun orin, tí wọ́n ń dá gbà á sílẹ̀, tí wọ́n ń dá gbé e jáde ní agbègbè wa yìí, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti yunifásítì FUTA àti àwọn tó wà ní ìlú Òǹdó. Mo ti sanwó nídìí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti bá èèyàn jà, mo ti sunkún. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gbóná, ibi tó ti wá nìyẹn.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn tó kù sọ. Àwọn kan ní orin tó bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá lè sanwó app, kó má gbọ́ orin. Mi ò bá èyíkéyìí lọ nínú méjèèjì. Bí mo bá gbé búbà oníbàárà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé ó ti di ti ẹni tó ń kọjá lọ nìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní kí tálákà má gbọ́ orin, ta lẹ rò pé àwọn ọmọ yìí ń kọrin fún?

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ dátà yìí wò dáadáa, torí òun ni gbogbo wa sá sí lábẹ́. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n fún pọ̀ sí MP3 kékeré, ìyẹn 128 kbps (kbps ni iye dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan), tó nǹkan bíi 4MB. Èyí tí ohùn ẹ̀ mọ́ jù, 320 kbps, sún mọ́ 10MB. Bí ẹ bá ju èyí tó tóbi yìí síbẹ̀, tí igba èèyàn sì gbà á wọlé, 2GB ti lọ nìyẹn láàárín ara yín, olórin ò sì rí kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orin kan náà lórí Spotify ọ̀fẹ́ ní 96 kbps ò ní lò tó 3MB.

Ibi tí àbúrò ti jàre ni pé bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lórí app, ó ti ń lọ sí 29MB, nígbà tí èyí tó wà nínú fóònù ò tún ná an ní nǹkan kan mọ́. Òótọ́ ni. Ní January 2025 tí NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi ìdajì lé owó wọn, èmi náà dín orin kù ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ Audiomack ń jẹ́ kéèyàn fi orin pamọ́ sínú app lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa gbọ́ ọ nígbà tí kò bá sí dátà. Olórin fúnra rẹ̀ sì lè gbé orin rẹ̀ síbẹ̀ láìgba ọwọ́ alárinà kankan, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá olórin gbé orin sórí àwọn app. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olórin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bóyá ó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sọ́nà.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé èló tiẹ̀ ni wọ́n ń rí nídìí ẹ̀ tí mo fi ń pariwo. Kékeré ni. Kò sí iye kan pàtó tí Spotify ń san lórí gbígbọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó tó bá wọlé ni wọ́n ń pín gẹ́gẹ́ bí ìpín tí orin kọ̀ọ̀kan ní nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé Nàìjíríà ní February 2021, ₦900 ni wọ́n ń gbà lóṣù, iye tó kéré gan-an sí ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń san. Torí náà, gbígbọ́ wa láti Àkúrẹ́ ò lè wọ̀n bíi tiwọn.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kì í gba nǹkan kan lórí Spotify. Kì í ṣe pé wọ́n á san díẹ̀. Wọn ò ní san rárá. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Igba èèyàn, kí kálukú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún péré: 1,000 pé. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó fẹ́ràn orin náà tinútinú, kí kálukú gbọ́ ọ nígbà ogójì láàárín ọdún kan, tí kò tiẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀: 1,000 pé. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ ọ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n ti kà á.

Gúrúùpù yín nìkan tó láti gbé orin ọmọ yẹn wọlé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, àbúrò. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ tún un gbọ́, kò sì sẹ́nì kankan tó kà á fún un.

* * *

Ẹni tó ní ká kúkú ṣí fóònù sílẹ̀ lóru kó máa kọ orin kan náà títí ilẹ̀ á fi mọ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Spotify ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe èèyàn ló ń gbọ́ ọ, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé alárinà tó gbé orin náà wá, alárinà lè yọ orin náà kúrò, olórin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

* * *

Mo ti ń retí kí ẹnì kan nínú àwọn tó ń ki orin sínú mẹ́mọ́rì dá sí i. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Arákalẹ̀. Ẹ ní ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń fi kọ̀ǹpútà ki orin sínú mẹ́mọ́rì fún àwọn dírẹ́bà àti àwọn ìyá ọjà, pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń tọ́ ọmọ nìyẹn, pé kò sí olórin kan tó wá bá yín rí pé òun ní ẹ̀tọ́ kan níbẹ̀. Mo gbà yín gbọ́. Iṣẹ́ yín ń gbé orin dé ibi tí app ò dé. Dírẹ́bà tó ń ná Àkúrẹ́ sí Òǹdó ò lè máa fọwọ́ wá orin lójú fóònù lórí ìrìn.

Àmọ́ àpò yín lowó náà wọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì hun orin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tá a ti dán wò. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin olórin kan lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. A ní orin mẹ́fà rèé, ₦200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó mú ₦50, kó fún wa ní ₦150. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ló máa san ₦200 fún orin ẹyọ kan nígbà tí òun ń ki ọgọ́rùn-ún orin fún ₦500? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà máa fi orin náà sẹ́nu spíkà láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó má ṣèpolówó kankan, kó dúró de ẹni tó máa béèrè.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ta 43. ₦6,450 ló dọ́wọ́ ọmọ náà. Mo mọ̀ pé kò pọ̀. Àmọ́ ó kà á lọ́wọ́, ó sì fi ra okùn gìtá, torí èyí tó ń lò ti já. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé gbogbo àwọn tó rà á ló béèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ata padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní ṣé ọmọ yẹn ò tíì kọ òmíràn. Nínú mẹ́mọ́rì ọlọ́gọ́rùn-ún orin, ta ló ń béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ní Arákalẹ̀, èmi fúnra mi máa mú àwọn ọmọ náà wá bá yín.

* * *

Ẹnì kan ti ní ká gbé ọ̀rọ̀ owó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé orin àwọn ọmọ yìí gan-an ò dára tó ohun téèyàn ń sanwó lé lórí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé gìtá kọ́rùn báyìí, a ti ń pè é lọ́lọ́gbọ́n. Mo fẹ́ jókòó síbí díẹ̀, torí apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

Orin tí àbúrò jù sí gúrúùpù, mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ló ń retí ọkọ rẹ̀ tó rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ń gúnni lọ́kàn. Àmọ́ nígbà tó dé ègbè, ohùn orin gòkè níbi tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́, “ọkọ mi” sì di “ọkọ́ mi” létí wa. Obìnrin ń sunkún nítorí ọkọ, etí ń gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń roko. Ká ní ohùn náà wálẹ̀ ni, ì bá di ọkọ̀. Ẹni tó dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ àrùn yìí dáadáa: àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi sórí ohùn Òyìnbó, ti mú kó mọ́ wa lára láti máa kọ ọ̀rọ̀ tó ti wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí máa ń wá kọ́ọ̀dù ná, kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sí i. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn tirẹ̀ kí gìtá tó dé. Sọ ọ́ jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbọ́ ibi tó gùn àti ibi tó sọ̀, lẹ́yìn náà kó o wá fọwọ́ kan okùn.

Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà. Mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo kọ ègbè náà bó ṣe yẹ kó lọ, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ méjì ni kò fi dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣé. Ó dùn, ó dùn, ni gbogbo èèyàn ń wí fún mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ.”

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orin wọn ò dára, ibo ni kò ti dára? Ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ìyẹn náà jẹ́ owó.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè tí ẹnì kan mú wá, mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Ó ní nítorí pé ọmọ náà pe ilé ní “ulé”, tó pe iṣu ní “uṣu”, orin rẹ̀ ò ní kọjá Àkúrẹ́. Èdè Ìkálẹ̀ ni olórin àṣíkò nì, Comfort Ọmọge, fi kọrin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù, òkìkí rẹ̀ sì kọjá ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọmọ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ kọrin tí ohùn rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í lọ sí èdè inú ìwé.

* * *

Ẹni tó ní kí àwọn ọmọ yìí máa kọrin lójúkojú ní Dome, gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Àkúrẹ́: ó tóbi jù fún wọn, owó ibẹ̀ ò ṣe é gbé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ọgbọ̀n àga, àgbàlá kan ní Ìjàpò, ₦2,000 lẹ́nu ọ̀nà. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè. Nígbà tá a ṣe é kẹ́yìn, a pa jẹnẹrétọ̀ ní ààbọ̀ ọ̀nà, olórin ọjọ́ náà sì kọrin láìsí makirofóònù. Gbogbo wa dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ kó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

* * *

Bàbá tó ní láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń tọ́jú olórin, pé àìgbọ́n ló ń mú àwọn ọmọ yìí dá ṣe é: ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ Òǹdó tiwa gan-an, Sunny Adé, òun àti ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde kò gbọ́ra wọn yé lórí àdéhùn, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974. Dídá ṣe é kì í ṣe nǹkan tuntun. Ohun tó ní tí àwọn ọmọ yìí ò ní ni pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ gbọ́dọ̀ rà á, ẹni tó bá sì dé agbo rẹ̀ ń ná owó lé e lórí. A mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó fún olórin, sà. A ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí wọn níbi òkú, níbi ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé bí olórin ò bá ti sí lójú wa, tó jẹ́ inú fóònù ló ti ń kọ ọ́ sí wa létí, ọwọ́ wa á ká kò? Nọ́ńbà báńkì olórin ni iwájú orí rẹ̀ báyìí.

* * *

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan tó ta ko ohun tí mo ti ń wí bọ̀, torí ọkàn mi ò ní jẹ́ kí n fi pamọ́.

Ní 2021, ọmọkùnrin kan ní ìlú Òǹdó gbé orin márùn-ún jáde. Mo fẹ́ràn wọn kọjá ààlà. Orí app nìkan ni mo ti ń gbọ́ wọn, mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ní 2024, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún mọ́. Mo pe ọmọ náà. Alárinà tó gbé orin rẹ̀ sórí àwọn app ń gba nǹkan bí ogún dọ́là lọ́dọọdún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò tó ₦10,000. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí dọ́là di ₦1,500, ó di ₦30,000, káàdì náírà báńkì rẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́. Kò rí i san, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Kọ̀ǹpútà tí ojúlówó orin náà wà nínú ẹ̀ ti bàjẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Èmi tí mo pa òfin mọ́, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ní i ni ẹnì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp nígbà náà: mẹ́rin nínú márùn-ún, AUD, AUD, AUD, AUD. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti rí orin ara rẹ̀ gbà padà. Èkarùn-ún ti lọ. Ègbè rẹ̀ nìkan ló kù sí mi lẹ́nu, mo máa ń kọ ọ́ nígbà tí mo bá ń rán aṣọ, àwọn ẹsẹ rẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn mọ́.

Ibi tí mo wá dúró sí nìyí. Orin gbọ́dọ̀ wà nínú ilé àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀, app kì í ṣe ilé. Àmọ́ ọwọ́ olórin ni kó ti wá. Kọ̀wé sí i, fi ₦500 tàbí ₦1,000 ránṣẹ́, sọ fún un pé fáìlì lo fẹ́. Kò sí èyí tí mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí tó kọ̀ fún mi. Fi fáìlì yẹn pamọ́, má fi ránṣẹ́. Ohun tó yẹ kó o jù sí gúrúùpù ni orúkọ rẹ̀, orúkọ orin náà, àti líǹkì ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ kí wọ́n lè kà á fún un.

* * *

Àbúrò, mo rí ohun tó o kọ láàárọ̀ yìí. O ní o ti yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù, o ti fi líǹkì rọ́pò ẹ̀, o fi ₦1,000 ránṣẹ́ sí i, ó sì fi fáìlì tuntun tó ti tún ègbè rẹ̀ ṣe dá ọ lóhùn. Mo ti gbọ́ tuntun náà. “Ọkọ mi” ti dúró síbi tó yẹ kó dúró.

O wá béèrè bóyá kó o pa ti àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú fóònù.

Má pa á rẹ́. Nínú ti àtijọ́, òjò ń rọ̀ sórí páànù kí gìtá tó wọlé, ìyá rẹ̀ sì pè é láti inú ilé ní ẹ̀ẹ̀kan. Kò sí ìyẹn nínú tuntun. Yí AUD yẹn kúrò, kọ orúkọ rẹ̀ sí i, orúkọ orin náà, àti ọdún. Lẹ́yìn náà, fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí òun alára, kó o bi í bóyá ó ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.